Chip mi ń tán lọ, bubble ti dé: ṣé kí n dúró ni àbí kí n kó gbogbo rẹ̀ lé e?

KáàdìDúdú:

Ẹ̀yin àgbà inú eré yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kópa nínú tọ́nàmẹ́ǹtì pókà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa 180 la bẹ̀rẹ̀, 27 ni wọ́n máa sanwó fún. Nígbà tó ku àwa 28 (ìyẹn ni bubble: bí ẹnì kan bá tún jáde, owó ti kan gbogbo àwọn tó kù), blind, ìyẹn chip tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 5,000 (small blind) àti 10,000 (big blind), ẹni tó bá wà ní big blind ló sì ń san ante, àfikún chip tó tún jẹ́ dandan, 10,000 fún gbogbo tábìlì. Àwa méje la jókòó. 90,000 ló kù lọ́wọ́ mi. Wọ́n pín A àti 8 fún mi ní cutoff (ìjókòó mẹ́ta ṣáájú big blind), gbogbo àwọn tó ṣáájú mi sì ti ju káàdì sílẹ̀. Mo wo big blind, ọkùnrin tó ní 640,000 ló wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń nà wá láti bíi wákàtí kan. Àyà mi já. Mo ju A-8 nù.

Blind kàn mí, mo san án, ó ku 65,000. Ọwọ́ tó tẹ̀lé e, mo wà ní button (ìjókòó tó ṣáájú small blind), wọ́n fún mi ní K-10. Kò tíì sí ẹni tó wọlé. Ẹni tó wà ní big blind ní nǹkan bí 210,000. Mo tún jù ú nù, mo ní kí n fara balẹ̀. Nígbà tó fi máa yí kan cutoff, blind ti di 6,000 àti 12,000, ante náà 12,000. Mo rí K-9, mo kó gbogbo rẹ̀ lé e. Ọkùnrin olówó yẹn, ẹni 640,000, kọ́ọ̀lù mi (ó fi iye kan náà bá mi) pẹ̀lú 10-7 tí àmì wọn bára mu, 7 sì jáde ní káàdì ìkẹyìn. Èmi ni mo ṣe ipò 28. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, n ò lè dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dé final table, tábìlì ìkẹyìn, ní tọ́nàmẹ́ǹtì mìíràn. Àwa mẹ́fà ló kù, èmi ni mo sì ní chip jù: 1,200,000. Ẹni tó tẹ̀lé mi ní 1,050,000. Nínú àwọn mẹ́rin yòókù, kò sí ẹni tó ju 300,000 lọ. Mo réèsì (mo gbé iye náà ga) sí 50,000 pẹ̀lú A-Q, ẹnìkejì mi kó gbogbo tirẹ̀ lé e, mo kọ́ọ̀lù. 10 méjì ló ṣí sílẹ̀. 150,000 ló ṣẹ́ kù fún mi, ipò karùn-ún ni mo bá jáde.

Níbo gan-an ni mo ti ṣì í?

Ọmọ_Button:

Bọ̀dá, big blind mẹ́sàn-án lọ́wọ́, A-8 ní cutoff: ẹ kó o lé e, ó parí. Tí blind bá ti jẹ yín dé egungun, ta ló máa bẹ̀rù yín mọ́? Chip kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Jack Straus ní World Series of Poker ọdún 1982, òun náà ló sì gbà á. Kò gbà á nípa jíju káàdì nù.

Ìyá_Òkìtì:

Ọmọ_Button, rọra. KáàdìDúdú, kí n tó dá sí i: nígbà tó o ju A-8 nù, ẹni mélòó ni chip wọn kéré sí tìrẹ nínú àwọn 28 yẹn?

KáàdìDúdú:

Ẹ ṣé, mà. Àwọn mẹ́ta ni. Méjì nínú wọn kò ní ju 25,000 lọ, tábìlì mìíràn ni wọ́n wà.

Ìyá_Òkìtì:

Ó dáa. A-8 kọ́ ló pa ọ́. Èmi ì bá kó o lé e, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó jù ú nù jà, nítorí àwọn méjì ti ń kú lọ ní tábìlì kejì, ẹni tó sì wà níwájú rẹ kò ní nǹkan tó ń bà á lẹ́rù. 90,000 nínú 640,000, kí ni yẹn fún un?

K-10 ló pa ọ́. Wò ó dáadáa. 25,000 ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Bí small blind àti big blind bá sá fún ọ, o ti fi ju ìdá mẹ́ta òkìtì rẹ kún un láìrí káàdì kankan lórí tábìlì. Ta ló sì wà ní big blind? Ẹni tó ní 210,000. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni bubble ń dè mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó jẹ́ẹ́, owó ti wọlé. Bó bá kọ́ọ̀lù ọ tó sì pàdánù, òun náà di ẹni tó ń ka blind. Yóò ju ọ̀pọ̀ káàdì tó dáa nù. Ẹni àárín ni kí ẹni tí chip rẹ̀ kéré máa wá. Ìwọ fò ó kọjá, o wá padà lọ bá olówó.

O tún bá a nígbà tí agbára rẹ ti lọ sílẹ̀. Ká ní o ti lé 90,000 ní àkọ́kọ́, yóò fi 80,000 wá 115,000. Ó gbọ́dọ̀ lè borí nígbà 41 nínú 100. Nígbà tó o lé 65,000, 53,000 ló fi wá 95,000: nǹkan bí 36 ti tó o. 10-7 rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀ lójú K-9. Má bínú sí i, ìṣirò rẹ̀ tọ́. Gbogbo yíyípo tábìlì tó o bá jókòó wò, ẹ̀rù rẹ ń kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀.

Ti A-Q, ìyẹn dùn mí jù. Kí n fi ICM, ìṣirò tó ń sọ iye tí chip ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú owó ẹ̀bùn, ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ó ku ẹni mẹ́ta: ọ̀kan ní 5,000, ọ̀kan 3,000, ọ̀kan 2,000. Wọ́n pín owó sí 50, 30 àti 20 nínú 100. Ẹni tó kó ìdajì chip, nǹkan bí 38 ni ìpín tirẹ̀ nínú owó náà, kò tó 50. Ẹni tó ní 2,000 ní nǹkan bí 29. Ìdí ni pé bó o tilẹ̀ kó gbogbo chip, o kò lè kó gbogbo owó. Nítorí náà chip tó o pàdánù wúwo ju èyí tó o jẹ lọ.

Ìwọ wá ní 1,200,000. Bó o bá ju A-Q yẹn nù, 1,150,000 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, àwọn mẹ́rin sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo ara wọn, tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣáájú jáde. Àwọn ni iṣẹ́ rẹ. Kí o máa réèsì lé wọn lórí, kí wọ́n máa sá. Ẹkùn méjì kì í bá ara wọn jà nígbà tí ewúrẹ́ mẹ́rin wà nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ di tálákà ní tábìlì yẹn, òun lo wá lọ bá wọ̀yá ìjà. Lójú 10 méjì, A-Q ò ju bíi 43 lọ nínú 100.

Ọmọ_Button:

Mo gbà fún yín lórí K-10, mà. N ò tiẹ̀ ronú kan ẹni tó wà ní big blind.

KáàdìDúdú:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti ka èsì yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan ló kù: bí olówó yẹn bá jókòó sí òsì mi tààrà ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ló ti ń ṣe tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọwọ́?

Ìyá_Òkìtì:

Ìjókòó tó burú jù nìyẹn, n kò ní purọ́ fún ọ. Bó o bá wà ní small blind, òun ni yóò máa wà ní big blind, nítorí náà má ka ibẹ̀ sí ibi tí o ti máa jí blind. Káàdì tó lágbára nìkan ni kó o lé níbẹ̀. Má sì réèsì kékeré kó o tún máa ronú bóyá wàá sá: tí chip rẹ kò bá tó big blind mẹ́wàá, kó gbogbo rẹ̀ lé e tàbí kó o jù ú nù. Lẹ́yìn náà, máa wo ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ju káàdì sílẹ̀ ṣáájú kó tó kàn ọ́. Ìwọ ni big blind, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: bó bá sá, tí small blind kàn kọ́ọ̀lù láìréèsì, ibẹ̀ ni kó o lé e.