Lórí "afọwọ́ra" àti àwọn ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ másáàjì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látìgbà tí àbúrò wa ti béèrè pé kí la máa pe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ másáàjì, torí ó fẹ́ túmọ̀ nóòtì kíláàsì sí Yorùbá fún àwọn tí òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ yé. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká pè é ní "oníṣègùn ìfọwọ́ra", tàbí "afọwọ́ra" ní kúkúrú. Ẹlòmíì ní kí ló burú nínú "másáàjì", ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, mo sì tún ń kọ́ àwọn èèyàn ní i, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, "afọwọ́ra" ò lè rìn jìnnà. Ẹ wo bá a ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù, ta ló ń ráyè fi àmì ohùn sí i? Tí àmì bá ti kúrò, kò síyàtọ̀ mọ́ láàárín ẹ̀ àti àfọwọ́rá, ẹni tó ń yọ́wọ́ kó nǹkan onínǹkan. Iṣẹ́ yìí sì rèé, iṣẹ́ tó jẹ́ pé àlejò á bọ́ṣọ, á dojú bolẹ̀, á dijú, á fi ara ẹ̀ àti pọ́ọ̀sì ẹ̀ sílẹ̀ fẹ́ni tí ò mọ̀ rí. Orúkọ tó lè di olè lójú ẹni tó ń ka sáìn-bọ́ọ̀dù kò yẹ ká fún wọn.

"Wọ́" lọ̀rọ̀ tá a ti ní nílẹ̀ tipẹ́. "Bá mi wọ́ ẹsẹ̀ yìí." "Wọ́n wọ́ ọ lẹ́yìn títí ara ẹ̀ fi balẹ̀." Ìyẹn la fi ń ní ìwọ́ra, ẹni tó ń ṣe é ni awọ́ra, ẹni tó ń kọ́ ọ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ́ra, ó tán. Mo rí i pé ẹnì kan ti ní "wọ́" yìí náà la fi ń wọ́ igi nílẹ̀, pé ó máa dà bíi pé à ń wọ́ èèyàn kiri. Ṣùgbọ́n ohun tọ́wọ́ ń ṣe gan-an nìyẹn kẹ̀! Nínú kíláàsì ọwọ́ àkọ́kọ́, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ da òróró díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, kó fi ra ọwọ́ kó lè móoru, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, kó wọ́ ọ gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì títí dé èjìká, kó yí èjìká ká, kó wá wọ́ ọ padà sísàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, láìgbé ọwọ́ kúrò lára rárá, eegun ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ sì rèé, a kì í tẹ̀ ẹ́. Tí ìyẹn ò bá jẹ́ wíwọ́, mi ò mohun tó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà pe tiwọn ní ànmó, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni wọ́n so pọ̀, títẹ̀ àti ríra, Jàpáánù gbà á lọ́wọ́ wọn ó di anma, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì wà nínú òfin wọn dòní fún ìwé-àṣẹ iṣẹ́ yìí, tí èèyàn á kọ́ fún ọdún 3 ó kéré tán kó tó jókòó ṣèdánwò ìjọba. Ọ̀rọ̀ ìṣe lásán ni, bíi "wọ́" tiwa.

"Oníṣègùn" ńkọ́? Èyí ni mi ò fara mọ́ rárá. Apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tá a ti ń kọ́ wọn níbi tágbára wọn mọ: awọ́ra kì í dárúkọ àìsàn fún èèyàn, kì í júwe oògùn, kì í sọ pé kẹ́nì kan jáwọ́ nínú èyí tí dókítà fún un, kì í sì í fọwọ́ já eegun ọrùn padà sípò. Tá a bá wá fi "oníṣègùn" síwájú orúkọ ẹ̀, a ti fún un ní agbára tí kíláàsì ní kò ní, ẹni tó sùn sórí tábìlì náà á sì máa bi í ní ìbéèrè dókítà. Níbi tí òfin bá ti fẹ́ orúkọ gígùn, ẹ jẹ́ ká kọ "olùtọ́jú nípa ìwọ́ra". Ẹni tó wá síbẹ̀ náà, oníbàárà ni, kì í ṣe aláìsàn, ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan kan ò ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká fi "másáàjì" sílẹ̀ bó ṣe wà, mi ò bá yín jà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti ń dun ni pé tá a bá wọnú kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan ò tó, ọwọ́ márùn-ún, ìyẹn oríṣi ọ̀nà márùn-ún tá a ń gbà fọwọ́ ṣiṣẹ́ lára èèyàn, ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìwé sì ń pè wọ́n lórúkọ Faransé: effleurage, pétrissage, friction, tapotement, vibration. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé Per Henrik Ling ló fún wọn lórúkọ, ọkùnrin ará Sweden tó dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm lọ́dún 1813, ṣùgbọ́n Johan Georg Mezger, dókítà ará Netherlands tó kú ní 1909, làwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn iṣẹ́ náà ń tọ́ka sí. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ò jinlẹ̀ rárá lẹ́nu Faransé. Pétrir lọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fẹ́ni tó ń po ìyẹ̀fun. Tapoter ni kéèyàn máa fọwọ́ gbá nǹkan pẹ́pẹ́. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tiwọn ni wọ́n gbé wọ kíláàsì, àwa ló ń bà lẹ́rù. Kí ló wá dé táwa fi ń wá ọ̀rọ̀ tó ga bí òkè fún tiwa?

Èyí tí mò ń lò rèé, mo tò ó bí wọ́n ṣe to ti Faransé yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wíwọ́, pípò, gbígbo, gbígbá, mímì. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lẹ́yìn pé "fífún" ló yẹ dípò "pípò", torí à ń fún ẹran ara ni. Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tá a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fún nǹkan, á fún un ṣinṣin ni, á dì í mú bí aṣọ tómi wà lára ẹ̀, oníbàárà á sì figbe ta. Pípò ní gbígbé, títẹ̀, yíyí àti jíjọ̀wọ́ nínú, ọwọ́ kan ń gbà, èkejì ń fi sílẹ̀. "Gbígbọ̀n" dípò "mímì" náà, mo kọ̀ ọ́ torí ẹni tára ẹ̀ ń gbọ̀n, ibà tàbí ìbẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn.

Ó yá, ibi tó ká mi lára jù rèé, "iṣan". Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí la fi ń pe ẹran tó ń fa eegun, òun la fi ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun náà la fi ń pe okùn tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú kíláàsì ìwọ́ra, ó lè pani lára, torí àkọ́kọ́ yẹn la fẹ́ kí wọ́n pò, ekejì àti ìkẹta la fẹ́ kí wọ́n yẹra fún! Èèyàn ní ẹran tó ń fa eegun tó lé ní 600, eegun sì jẹ́ 206, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó so mọ́, kó fìka wá a rí lórí ara ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá ń jẹ́ "iṣan", báwo ló ṣe fẹ́ kọ ìdánwò?

Àbá mi nìyí. Èyí tó ń fa eegun, ẹran-iṣan. Èyí tó ń gbé ìmọ̀lára, okùn ìmọ̀lára. Ti ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀, kí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn máa jẹ́ òpó àlọ, kí èyí tó ń gbé e padà máa jẹ́ òpó àbọ̀. Mo ti lo àlọ àti àbọ̀ yìí fáwọn tí mò ń kọ́, ó sì ń ṣe nǹkan tí mi ò rí kí orúkọ òyìnbó ṣe fún wọn. Òfin kan wà pé tó o bá ń wọ́ apá tàbí ẹsẹ̀, agbára ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa kọjú sọ́kàn, kí bíbọ̀ sísàlẹ̀ jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ ò ní agbára púpọ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú òpó ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kó ṣàn padà sísàlẹ̀, tọ́wọ́ bá wá ń ti ẹ̀jẹ̀ wá sísàlẹ̀ tipátipá, àwọn ilẹ̀kùn yẹn ló ń bá jà. Ẹni tó ti mọ̀ pé òpó àbọ̀ ló ń jẹ́, kò dìgbà tó bá há a sórí, ó ti mọ ibi tọ́wọ́ ń lọ.

Àwọn ibi tí òpó àti okùn ìmọ̀lára ti sún mọ́ awọ ara, bí iwájú ọrùn, abíyá, kọ́lọ́fín ẹ̀yìn orúnkún, mò ń pè wọ́n ní ibi ìṣọ́ra, mi ò rí ẹni tó ta kò ó.

Àtakò tó pọ̀ jù lọ tí mo rí gbà, orí "èèwọ̀" ni. Mo lò ó fáwọn nǹkan tí kì í jẹ́ ká wọ́ èèyàn, bàbá kan láàárín wa níbí sì ní èèwọ̀ jẹ́ ti òrìṣà, a kì í béèrè ìdí ẹ̀, ká lo "ìdènà" torí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìdènà lẹni tó bá gbọ́n lè wá ọ̀nà gbà yí i ká, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́n, á ní òun á kàn ṣe é jẹ́jẹ́. Èèwọ̀ kì í ṣe nǹkan tá a ń ṣe jẹ́jẹ́. A máa ń bi wọ́n nínú ìdánwò ọwọ́: oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó rin ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ, ẹ̀yìn ojúgun ẹ̀ gbóná, ó ń dùn ún, ó ní kẹ́ ẹ bá òun wọ́ ọ. Kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá gbé òróró ti fìdí rẹmi. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú òpó àbọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọwọ́ lè já a, kó gba inú ọkàn lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ẹni yẹn sì lè kú. Ẹ fi aṣọ bò ó, kẹ́ ẹ rán an lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. "A kì í wọ́ ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, tó ń dunni." Báyìí gan-an la ṣe ń sọ èèwọ̀ nílé Yorùbá, "a kì í", ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, ìdí ẹ̀ sì wà nílẹ̀ fẹ́ni tó bá béèrè.

Ó tún rọrùn láti pín in. Èèwọ̀ gbogbo ara, bí ibà tàbí àìsàn tó ń ràn. Èèwọ̀ ojú kan, bí egbò tàbí ibi tó jóná, tá a lè yẹ̀ ká wọ́ ibòmíì. Èèwọ̀ títí dókítà á fi fọwọ́ sí i, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára. Pẹ̀lú "ìdènà", ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Kí n má gbàgbé bíbo ara oníbàárà, mò ń pè é ní ìṣíbò, torí ibi tá a fẹ́ wọ́ nìkan la ń ṣí, a á ki etí aṣọ bọ abẹ́ itan kejì, a á parí ẹsẹ̀ yẹn, a á bò ó tán pátá ká tó ṣí òmíì. Àkọsílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà ní apá mẹ́rin, mo sọ wọ́n di "ó ní, mo rí, mo rò, màá ṣe", àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà.

Èyí tó kù ni sátífíkéètì àti láísẹ́ǹsì, tí nóòtì àbúrò wa pe méjèèjì ní "ìwé-ẹ̀rí". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wọ́n. Ìwé-ẹ̀rí ni iléèwé ń fúnni pé o parí wákàtí ẹ, ìwé-àṣẹ ni ìjọba ń fúnni pé o lè gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè wákàtí 500 ó kéré tán, New York ń béèrè 1,000, lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò ṣì wà, èyí tí wọ́n ń lò jù ní ìbéèrè 100. Ẹni tó bá ro pé ìwé-ẹ̀rí ti parí ọ̀rọ̀ lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kó sì rú òfin láìmọ̀. Wákàtí náà fúnra ẹ̀, a lè pín in sí wákàtí ìwé, wákàtí ọwọ́, àti wákàtí abẹ́ olùkọ́, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ oníbàárà gidi nígbà tí tísà wà nítòsí.

Àbúrò, lò wọ́n nínú nóòtì ẹ, kó o kà á sókè ní kíláàsì, èyí tó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, mú un padà wá ká jọ tún un ṣe. Okùn tó so ẹran-iṣan mọ́ eegun àti èyí tó so eegun mọ́ eegun ò tíì lórúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn, kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà níbí bá wa dá sí i.