Kọ́nà Ìtawurẹ́ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Awakọ̀ Corolla, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ará. Corolla 2004 ni mò ń wà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8. Ìbàdàn ni iṣẹ́ mi wà, Adó-Èkìtì ni àwọn òbí mi ń gbé, mi ò sì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá láì lọ wò wọ́n. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé tí èèyàn bá ti kúrò ní Iléṣà, tó dorí kọ ìhà Ìtawurẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè àti kọ́nà ló kù. Orí òkè yẹn ni ọkọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í já mi láyà. Bí mo bá wọ kọ́nà ní 70, ara ọkọ̀ á kọ́kọ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dúró díẹ̀, kí imú rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí sítíárìn ń sọ. Ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ mo máa ń rí i tó ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé ọkọ̀ náà wálẹ̀, pé ọkọ̀ tó bá súnmọ́ ilẹ̀ ló ń di ọ̀nà mú. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ ra sípíríǹgì tuntun, òun á gé èyí tó wà lára ọkọ̀. Ó gé òrùka kan àtààbọ̀ kúrò lára ti iwájú, ó gé ẹyọ kan kúrò lára ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ wálẹ̀, ó rẹwà lójú. Láàrin ìgboro, kò fì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn gan-an.

Ọjọ́ Sátidé a gbéra lọ sí Adó. Kọ́nà kan wà kí a tó dé Ìtawurẹ́ tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún, gálọ́ọ̀pù kan wà láàrin rẹ̀, kò tilẹ̀ jìn. Mo wọ̀ ọ́ ní 70 bí mo ṣe máa ń wọ̀ ọ́. Táyà iwájú lápá òsì bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù yẹn, mo gbọ́ "gbàì!", imú ọkọ̀ sì yọ̀ lọ sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Mo ti yí sítíárìn, ọkọ̀ kò yí. Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò bọ̀ níwájú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Àwọn ọmọ wa méjèèjì wà lẹ́yìn.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ti dàgbà, ẹni tó máa ń tún ọkọ̀ bàbá mi ṣe. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó ní kí n fi ọwọ́ mi yí sípíríǹgì wò. Ó yí! Sípíríǹgì tó yẹ kó há mọ́ ibi ìjókòó rẹ̀ ń ṣeré bí ẹ̀gbà ọwọ́. Ọ̀gá ní bí táyà bá fò kúrò nílẹ̀ díẹ̀, sípíríǹgì náà lè yẹ̀ kúrò lójú ibi tó jókòó sí, kó sì padà sílẹ̀ ní wíwọ́.

Lẹ́yìn náà ló fi rọ́bà kékeré kan hàn mí tó wà lára ọ̀pá ṣọ́kì, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìkọlù nígbà tí ṣọ́kì bá wọlé tán. Tèmi ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n gé sípíríǹgì, wọ́n gé ààyè tí ṣọ́kì fi ń mí náà. Nínú kọ́nà, ẹrù ọkọ̀ ti rọ́ sórí táyà tó wà níta. Gálọ́ọ̀pù wá tì í sókè, ṣọ́kì kanlẹ̀, ó di irin lójú irin. Ẹrù tó yẹ kó wọ táyà lára díẹ̀díẹ̀ já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, táyà kò sì lè dì í mú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti apá ìsàlẹ̀, irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Kó tó di pé wọ́n gé sípíríǹgì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ní báyìí orí rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ táyà ti ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Ọ̀gá fi igi ìṣáná yà á fún mi nílẹ̀. Ibì kan wà tí ojú kò rí, tí ara ọkọ̀ fi ṣe ìdí nígbà tó bá ń fì. Lára ọkọ̀ bíi Corolla, tó jẹ́ pé ṣọ́kì fúnra rẹ̀ ni òpó tó gbé iwájú dúró, tí apá ìsàlẹ̀ bá ti gbórí sókè báyẹn, ibi tí a kò rí yẹn á lọ sílẹ̀ ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹrù ọkọ̀ ń rí agbára sí i láti fi tì í ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Líle tí sípíríǹgì le nítorí pé wọ́n gé e ló ń bò ó mọ́lẹ̀ láàrin ìgboro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ gé sípíríǹgì, kó ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

A lọ sí Gate, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìbàdàn, a ra ojúlówó sípíríǹgì tókùnbọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ra ṣọ́kì tuntun mẹ́rin. A pààrọ̀ búṣì, ìyẹn rọ́bà ìdí, apá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Sítábíláísà, ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì ọkọ̀ pọ̀, ti wà níwájú ọkọ̀ yìí láti ilé iṣẹ́, òun ló yẹ kó dènà fífì, àmọ́ línkéèjì rẹ̀, irin kékeré tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ti jẹ débi pé mo fi ìka méjì mì í, ó ń dún kánkán. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ pé ọkọ̀ mi ń fì, irin tó yẹ kó dì í mú wà níbẹ̀, kò rí nǹkan dì mú ni. Línkéèjì méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó tí mo ná sí gbogbo rẹ̀.

Ti táyà tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ hàn mí: 1813. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ ṣì jìn, mo sì rò pé ó dára, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ ti gan bí awọ ìlù. Mo ra tuntun.

Lóṣù tó kọjá mo tún wọ kọ́nà yẹn ní 70. Ọkọ̀ fì díẹ̀, ó jókòó, ó yí. Gálọ́ọ̀pù yẹn ṣì wà níbẹ̀, ṣọ́kì gbé e mì. Ìyàwó mi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé ẹ̀yìn Corolla tèmi kò ní sítábíláísà. Wọ́n ní bí èèyàn bá de ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn, imú ọkọ̀ á túbọ̀ máa gbọ́ràn. Ẹni tó ti ṣe é rí, kó bá mi sọ ohun tó rí.

Awakọ̀ Civic, Maryland, Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín dúpẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹbí yín délé. Mo ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Civic 1998 ni tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Corolla: apá wà lókè, apá wà nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí náà táyà rẹ̀ kì í tètè gbórí kúrò lójú ọ̀nà. Tèmi kò ní sítábíláísà lẹ́yìn. Mo ra èyí tó wà lára Acura Integra, nítorí ó ń wọlé sí i. Mo máa ń lọ sí ìdíje tí SCCA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ń pè ní Solo: wọ́n á to kóònù sí pápá ìgbọ́kọ̀sí ńlá, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á dá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Kí n tó fi sítábíláísà yẹn sí i, imú ọkọ̀ mi máa ń yọ̀ ní gbogbo kóònù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ọkọ̀ ń yí bíi pé ó mọ ohun tí mo ń rò. Táyà ẹ̀yìn tó wà nínú kọ́nà á gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Ó wọ̀ mí lójú, mo lọ ra èyí tó tún nípọn jù ú lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò yìí. Agbára ọ̀pá náà kì í pọ̀ bí ìnípọn rẹ̀ ṣe pọ̀. Ẹ kọ ìnípọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra wọn: bó ṣe ń pọ̀ nìyẹn. Ọ̀pá mìlímítà 22 fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti 20 lọ, bẹ́ẹ̀ mìlímítà méjì péré ló wà láàrin wọn. Kò pẹ́ tí irin abẹ́ ọkọ̀ tí mo dè é mọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo ní kí wọ́n jó o, mo sì tún ń lò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan òjò ń rọ̀. Mo ń kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti máa ń ká bí ìgbín. Mo rí i pé eré mi ti pọ̀ jù, mo gbé ẹsẹ̀ sókè lójijì. Ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Mo yí ìdajì ìyípo, mo sì bára mi nínú koríko, mo dojú kọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Kò sí ọ̀pá tó lè dín ẹrù tó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pín in, yálà iwájú ló máa gbà jù tàbí ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ wa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jẹ́ pé iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, torí bí iwájú bá yọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá dín eré kù ni ọkọ̀ á dá lóhùn. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, tí ẹ bá sì dín eré kù lójijì, ẹ tún tì í lọ ni. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá máa fi sí i, ẹ ra èyí tó ní ihò méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ń yí líle rẹ̀ padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ihò tó rọ̀ jù. Táyà tí ojú rẹ̀ jìn jù, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí. Ẹ má sì dán an wò nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀.

Oníṣẹ́ aláìmẹ́ǹtì, Abẹ́òkúta

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, ó sì ń dùn mí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fi búṣì tuntun sí apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan, mo sì fún bọ́ótì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lálàfo. Oṣù mẹ́ta, búṣì ti ya. Oníbàárà ní ayédèrú ni mo rà fún òun. Ojúlówó ni. Rọ́bà yẹn kì í yí lórí bọ́ótì, lílọ́ ló ń lọ́. Bí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ́ pọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Ẹ fi bọ́ótì sílẹ̀ ní dídẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí táyà gbé ẹrù rẹ̀, kí ẹ wá fún un.

Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀, kó wá ṣe aláìmẹ́ǹtì. Bí ọkọ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ojú táyà méjèèjì kì í wo ibì kan náà mọ́. Mo ti rí táyà tuntun tí eteetí inú rẹ̀ jẹ dé wáyà kó tó pé oṣù méjì, tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán.

Bàbá àgbà kan, London

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ní 1978 mo ra Mini kan níbí, ògbólógbòó ni. Alec Issigonis ló yàwòrán ọkọ̀ yẹn, ó jáde ní 1959, Alex Moulton ló sì ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí sípíríǹgì onírin lára rẹ̀, rọ́bà bíi kóònù ló gbé e dúró, ríìmù rẹ̀ kò sì ju ínǹṣì 10 lọ. Ọkọ̀ tó kéré tó báyìí ló gba ìdíje Monte Carlo ní 1964, 1965 àti 1967, torí kọ́nà.

Tèmi kò lè wọ kọ́nà nígbà tí mo rà á. Mo rò pé ìròyìn lásán ni wọ́n ń gbé kiri. Rọ́bà rẹ̀ ló ti rún mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ orí. Mo fi rọ́bà tuntun àti ṣọ́kì tuntun sí i, mi ò fi nǹkan mìíràn kún un, mo sì mọ̀ nígbà náà ìdí tí wọ́n fi ń yìn ín. Nígbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi wà á lọ sí Wales, a kọrin láti òkè dé òkè.

Ẹ̀yin tó wà níbí, tí ẹ bá yí ohunkóhun padà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kò sọ. Ọjọ́ tí ó nílò wọn ni wọ́n bi í léèrè sípíríǹgì.

Láti Kútọnu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Faransé ni mo rà, orí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wọnú díẹ̀. Mo rò pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè wọ kọ́nà dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Lójú ọ̀nà Kétu ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Béárìn inú áásù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ló ti jẹ tán, omi ti wọ̀ ọ́, ó dípẹtà. Odindi áásù tókùnbọ̀ ni mo rà. Ẹ jọ̀ọ́, tí táyà ẹ̀yìn bá ń wọnú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó kí ẹ tó yìn ín.

Awakọ̀ Corolla, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àbúrò mi ní Maryland, mo gbọ́. Mi ò ní fi ọ̀pá kankan sẹ́yìn títí òjò ọdún yìí yóò fi dá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá Abẹ́òkúta kò jẹ́ kí n sùn. Mo pe mẹkáníìkì mi láàárọ̀ yìí, mo bi í léèrè bóyá orí jáàkì ni wọ́n ti fún bọ́ótì apá ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọmọṣẹ́ òun ló fún un, kí n máa gbé ọkọ̀ bọ̀. A tú bọ́ótì méjèèjì, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a tì í síwá sẹ́yìn kó jókòó dáadáa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fún un.