Báwo la ṣe ń ṣírò owó tó wà nínú òwò (invested capital)?

Ìrẹsì_Tánkẹ́: Àsàlámù àlékún, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì n'Ílọrin ni. Ìṣirò ìparí ọdún rẹ̀ rèé, ní mílíọ̀nù náírà. Ẹ̀rọ àti ilé 180 (a ti yọ iye tí wọ́n fi gbó). Ìrẹsì eléèpo ní sítọ́ọ̀ 60. Àwìn lọ́wọ́ oníbàárà 30. Owó ní báńkì 50. Àpapọ̀ 320. Apá kejì: gbèsè tí a jẹ àwọn àgbẹ̀ Pàtígì 35, owó orí àti owó oṣù tí a kò tíì san 5, owó tí a yá ní báńkì 100, owó àwọn onílé iṣẹ́ 180. Ṣé 320 yẹn kọ́ ni ìdáhùn?

Akọ̀wé_Ọ̀fà: Wàálékúmù sàlámù. Rárá o. Owó tó wà nínú òwò ni owó tí iṣẹ́ ń lò, tí àwọn tó gbé e sílẹ̀ sì ń retí èrè tàbí èlé lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kì í gba èlé lórí 35 yẹn, 5 náà kò sì lélé. Ẹ yọ méjèèjì. Nínú 50 tó wà ní báńkì, ká ní 10 ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ nílò. 40 tó kù kàn jókòó ni, ẹ yọ òun náà.

60 + 30 + 10 − 35 − 5 = 60. Ẹ fi ẹ̀rọ àti ilé kún un: 240.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé owó sílẹ̀: 100 + 180 − 40 = 240.

Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ẹ fò ó. Àmọ́ wọ́n lè dọ́gba kí wọ́n sì jọ ṣìnà. Bí ọ̀gá bá yá ilé iṣẹ́ lówó, tí akọ̀wé wá kó o mọ́ àwìn àwọn àgbẹ̀, ìdáhùn méjèèjì á jọ kéré ni. Bí ẹ bá gba owó alájẹṣẹ́kù, ẹ kà á mọ́ owó inú òwò, kódà èyí tí kì í gba èlé, tó jẹ́ pé èrè ni wọ́n ń gbé lé ọjà tí wọ́n rà fún yín. Owó tó ń retí nǹkan là ń wá, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.

Olùṣirò_Òmù_Àrán: Ó péye. Bí èrè iṣẹ́ lọ́dún, kí a tó yọ èlé báńkì, bá jẹ́ 48, tí owó orí sì jẹ́ 30%, 33.6 ló kù. Ẹ pín in sí 240: èrè 14% lórí owó inú òwò. Ní ìparí 2024, 27.5% ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìpìlẹ̀ èlé tirẹ̀ lé, nítorí náà 14% kò wú mi lórí.

Ohun méjì ló sì lè tàn yín. Oṣù Kejìlá ni ìrẹsì tuntun ń kún sítọ́ọ̀, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ 31 oṣù yẹn nìkan ṣèdájọ́; ẹ kó ìṣirò ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. Èkejì, bí ẹ bá ra ẹ̀rọ yẹn kí náírà tó já lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, náírà àtijọ́ ni 180 yẹn. Bí ẹ bá ní kí ẹ rà á lónìí, owó inú òwò á gòkè, 14% á sì wálẹ̀.

Ìrẹsì_Tánkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí ni, kò sí nínú ìwé.

Akọ̀wé_Ọ̀fà: Ẹ kọ ọ́ sí apá méjèèjì ní iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yẹn lónìí: ilẹ̀ ní apá kan, owó ẹbí ní apá kejì. Bí ẹ bá fò ó, òwò yín á dà bí ẹni tó ń jèrè ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.