Ìbọn afẹ́fẹ́ onípọ́ǹpù kejì fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì: èwo ni kí n rà?

Tíṣà Iṣẹ́ Igi, Ẹ̀pẹ́:

Mo kí gbogbo ilé o. Ọdún 34 ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ igi kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà sì ni ìbọn afẹ́fẹ́ ti di eré ìrọ̀lẹ́ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, Benjamin 392, irú èyí tí a máa ń ṣí apá rẹ̀ nísàlẹ̀, tí a sì ń pa á dé léraléra láti fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Igi ni ìdí rẹ̀ tí a ń gbé ti èjìká, idẹ ni páìpù rẹ̀, ọta òjé mìlímítà 5.5 ló sì ń jẹ. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń yìn ín, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi dé ibi tí mo to àpò yanrìn sí níwájú ògiri, nǹkan bíi mítà 12. N kì í yin ẹyẹ, n kì í yin ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ihò márùn-ún bá wà lára páálí mílíìkì, tí ìdérí ìgò kan sì bò wọ́n tán, oúnjẹ alẹ́ á dùn lẹ́nu mi.

Ohun tó gbé mi wá ni pé mo fẹ́ ra èkejì. Mo ti pé ẹni ọdún 71, làkúrègbé sì ti mú èjìká mi ọ̀tún. Àwọn tó ṣe ìbọn yìí ní kí pọ́ǹpù má dín ní mẹ́ta, kó má sì ju mẹ́jọ lọ. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í ni mí lára, ṣùgbọ́n láti orí ìkẹfà ni mo ti ń gbé e lé itan kí n tó lè pa apá rẹ̀ dé. Mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi: Crosman 2100, nítorí wọ́n ní ó fúyẹ́, Sheridan Blue Streak àtijọ́ kan tí àna mi rí lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á ní Amẹ́ríkà, tí àwòrán igi ìdí rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn, tàbí kí n kúkú tún ra 392 mìíràn. Ìyàwó mi bi mí léèrè pé kí ni ẹni tí èjìká ń dùn fẹ́ fi ìbọn méjì ṣe, n kò sì rí èsì fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ju ọ̀kan lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ti 392 yẹn nìkan ni. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn onípáìpù méjì tí àwọn ọdẹ ń lò, àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló sì ń jẹ́ kí ènìyàn ní in, nítorí náà ìbọn kejì ní láti ní ìwé tirẹ̀. Èyí tó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà tún gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìwọlé kó tó kúrò lọ́hùn-ún rárá. Ẹ má jẹ́ kí àna yín fi aṣọ wé e sínú àpótí o.

Ní ti Crosman 2100, mo ní in. Ike ni ìdí rẹ̀, ó fúyẹ́ ju ti yín lọ lóòótọ́, mẹ́wàá sì ni òpin pọ́ǹpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọta mìlímítà 4.5 ló ń jẹ, ibẹ̀ sì ni ìyà rẹ̀ wà. Kòtò tóóró kan wà lẹ́yìn páìpù, inú rẹ̀ ni a ti ń tẹ́ ọta sílẹ̀ kí a tó tì í wọlé. Ọta yìí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ, bí ìka bá sì gbọ̀n díẹ̀, ṣe ni yóò yí padà tí ìdí rẹ̀ yóò kọjú síwájú. Èmi tí n kò tíì pé 50 máa ń wọ dígí kí n tó ki ọta, mo sì tún máa ń yọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì kó tó tò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bí a bá ti ń pọ́ǹpù sí i ni agbára ń pọ̀ sí i. Mo ti dán ìwà òmùgọ̀ yẹn wò, mo fún un ní 14. Fáàfù rẹ̀, ìyẹn ìdérí inú tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró títí a ó fi yìn ín, kò lè tú gbogbo afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kù sínú, èmi sì rò pé ìbọn ti ṣófo. Mo ki ọta mìíràn sí i láti wo bóyá ó ń wọlé dáadáa, n kò pọ́ǹpù rárá, mo fà á, ó sì lu báfù ìyá mi. Ọpẹ́ ni pé báfù ni.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀dẹ́ ní Ìkòròdú:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Sheridan, torí pé ọ̀kan wà nílé mi tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀, tí mo sì fi orúkọ ara mi gba ìwé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò ní àfiwé, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ọta mìlímítà 5 ni Blue Streak ń jẹ, kì í ṣe 4.5, kì í ṣe 5.5, ìwọ̀n yìí sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹnìkan ta ọta 5.5 fún mi, ó ní gbogbo wọn kò yàtọ̀ síra. Mo fi ọ̀pá kékeré tì í wọlé pẹ̀lú agbára, ó há sí àárín páìpù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi wá ẹni tí yóò fi igi rọra tì í jáde láìha inú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tọ́jú agolo ọta kan bíi wúrà, tí mo ń ka ọta kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ Benjamin ra ilé-iṣẹ́ Sheridan ní ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Crosman sì ra àwọn méjèèjì ní 1992, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé àwọn Sheridan ìkẹyìn fara jọ 392 yín gan-an, tí ọ̀pọ̀ ohun inú pọ́ǹpù wọn sì jọ ń bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n ohun inú pọ́ǹpù kọ́ ni ẹ ó máa yìn lójoojúmọ́. Ọta ni.

Ẹlẹ́rọ Fíríìjì, Ìtá Ẹlẹ́wà:

Bàbá, mo tẹríba. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni pọ́ǹpù mẹ́jọ ń wá níbi páálí mílíìkì ní mítà 12? Mẹ́rin ti tó. Ọta yóò ba ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó kàn gbé ojú ìwò ẹ̀yìn, èyí tí a fi ń fojú sun àmì, sókè ni, bí ẹ bá sì ti yan iye kan, ẹ má ṣe yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, nítorí iye pọ́ǹpù tó ń yí padà ló ń fọ́n ihò káàkiri.

Ìkejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má jẹ́ ti èjìká yín nìkan. Ẹ fi òróró sí ojú ibi tí apá pọ́ǹpù ti ń yí, kí ẹ sì kán òróró tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ sórí rọ́bà tó ń ti afẹ́fẹ́. Ẹ má fi àdín sí i, ẹ má sì fọ́n WD-40, òróró inú agolo tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, sínú rẹ̀, torí ó ń fọ gírísì kúrò ni. Láti mọ̀ bóyá fáàfù ṣì dára, ẹ pọ́ǹpù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ láìki ọta, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí àpò yanrìn lówùúrọ̀ kí ẹ fà á. Bó bá dún bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ le. Bó bá kàn mí kanlẹ̀ bí arúgbó, afẹ́fẹ́ ń jò. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ fi pọ́ǹpù kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí fáàfù lè máa wà ní dídé, kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ èkejì lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó jẹ́ oní 5.5 bíi ti àkọ́kọ́. Crosman 362 wà, mẹ́jọ ni òpin tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ike ni ìdí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó fi iṣẹ́ igi jẹun kò ní í lè máa wò ó lójoojúmọ́.

Tíṣà Iṣẹ́ Igi, Ẹ̀pẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣe ìdánwò alẹ́ yẹn. Lówùúrọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹ́ iná lọ, nítorí náà fáàfù ti ń jò, ó sì jọ pé ìyẹn ló ń mú mi pọ́ǹpù dé mẹ́jọ láti ọjọ́ yìí, tí mo sì ń di ẹ̀bi ru ara mi. Mo fún un ní mẹ́rin, mo yìn ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó sá, ihò márùn-ún sì kóra jọ ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀ àmì. Èjìká kò sọ nǹkan kan.

Mo ti fi Sheridan sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọta rẹ̀, n kò sì ní í ra 2100 nítorí ìka mi. 392 kejì, èyí tí ẹnìkan ti lò rí, ni mo ń wá. Mo ti rí èsì fún ìyàwó mi pẹ̀lú: ayùn méjì ló máa ń wà lórí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí mo bá ń pọ́n eyín ọ̀kan. Ó ní ayùn kì í gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo ń lọ béèrè nípa ìwé náà. Ní báyìí ná, bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí a ti lè rí ohun èlò fáàfù 392 ní apá ọ̀dọ̀ wa, kó jọ̀ọ́ fi tó mi létí.