Wọ́n ní kí n máa bá àwọn lẹ́kítọ̀ wo ohun tó yé àwọn ọmọ ní tòótọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Sábó
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé, àmọ́ yunifásítì ńlá kan lókè odò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi kì í ṣe lẹ́kítọ̀, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ni mo wà, wọ́n wá gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ báyìí pé kí n máa bá àwọn dípátímẹ́ǹtì ṣe é, kí wọ́n lè fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí wọ́n láwọn ń kọ́ àwọn ọmọ, ó yé àwọn ọmọ yẹn lóòótọ́.

Ẹ mọ̀ pé CCMAS, ìyẹn ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe sábẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. NUC ló ṣe 70% ẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan á wá fi 30% tiẹ̀ kún un. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni kéèyàn mọ̀ bóyá ọmọ lè ṣe é, nínú kíláàsì tí èèyàn 900 forúkọ sílẹ̀ sí, tí àwọn míì ń dúró lójú wíńdò gbọ́ lẹ́kíṣọ̀.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn lẹ́kítọ̀, ṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tó wá ṣọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù tí ọ́fíìsì wa ń pín, wọ́n á kọ nǹkan sí i kí n ṣáà lè kúrò níwájú wọn, a ó kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó dìgbà tí àwọn tó ń ṣe akirẹditéṣọ̀n, ìyẹn àwọn tó ń yẹ yunifásítì wò bóyá ó kúnjú ìwọ̀n, bá ń bọ̀ ká tó tún yọ ọ́ síta. Màmá kan níbẹ̀, obìnrin tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú, wá bi mí pé "ọmọ mi, ṣé máàkì tí mò ń fún wọn kì í ṣe ẹ̀rí ni?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n lè dá wọn lóhùn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwé lásán la ó máa kó jọ, torí ọdún mẹ́rin, márùn-ún làwọn ọmọ yẹn ń lò níbẹ̀, àwọn òbí wọn sì ń forí ṣe fọrùn ṣe kí wọ́n tó rówó ẹ̀ san.

Ẹ̀gbọ́n_Noforija
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, àwọn tó fẹ́ di tíṣà ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ tó o gbé wá yìí jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Sọ fún màmá yẹn pé máàkì jẹ́ ẹ̀rí, àmọ́ ẹ̀rí tó kúrú ni. Wò ó, ká ní ọmọ méjì gba 55 nínú STA 111, kọ́ọ̀sì statistics. Ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò mean (ìpíndọ́gba) àti standard deviation (bí àwọn iye ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba yẹn tó), àmọ́ tó o bá bi í pé kí ni iye tó rí yẹn ń sọ nípa owó gàárì tó wà nínú ìbéèrè, kò mọ̀ ọ́n. Èkejì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ yékéyéké, ìṣirò ló ń dà á láàmú. C làwọn méjèèjì gbà. Lẹ́kítọ̀ wo èsì, kò rí nǹkan kan tó lè sọ fún un pé ohun tó ń ṣe eléyìí kọ́ ló ń ṣe tọ̀hún, tó bá dọdún tó ń bọ̀, á tún kọ́ ọ bó ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Torí náà, máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ fi àròpọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ ná.

Kíláàsì èèyàn 900 ò sì gbọ́dọ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ìwé 900 lẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ máàkì torí gíréèdì, àmọ́ tá a bá fẹ́ mọ ohun tó yé kíláàsì lápapọ̀, nǹkan bí 40 ti tó láti bẹ̀rẹ̀. A gúnyán nínú ewé, a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí CCMAS ní kí wọ́n mọ̀, ẹ mú ìbéèrè kan tó bá a mu nínú ìdánwò, kẹ́ ẹ wá máa ka ìwé náà ní 22, 22, èyí tó bá bọ́ sí 22 kẹ́ ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ má kàn bu èyí tó wà lókè o, torí àwọn tó tètè fi ìwé sílẹ̀ àti àwọn tó pẹ́ nínú gbọ̀ngàn kì í sábà rí bákan náà. A gúnyán nínú ewé, a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi rèé: má mú fọ́ọ̀mù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jókòó ti lẹ́kítọ̀ yẹn kó o bi í pé "mà, kí ló máa ń dùn yín jù tẹ́ ẹ bá ń máàkì?" Kò sí lẹ́kítọ̀ tí kò ní ìdáhùn sí ìyẹn, á ti máa sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀ nílé. Á ní "wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èrò wọn sílẹ̀", á ní "wọ́n ń há hándáàtì mi sórí ni". Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún lẹ jọ máa wádìí, o ò ní tún dà bí ọlọ́pàá lójú ẹ̀ mọ́.

Kọ̀ǹpútà_Agric
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ re. Ẹ jẹ́ kí n fi ti CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, kún un, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe GST, àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ yunifásítì ń ṣe, níbi tó pọ̀, ohun tẹ́ ẹ nílò sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, wọn kì í kàn ṣí i wò ni, wọ́n á gbé àròpọ̀ jáde, ó parí.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìdáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, Excel ti tó láti fi ṣe é. Ẹ to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gba jù dé ẹni tó gba kéré jù, ẹ mú 27% tó wà lókè, ẹ mú 27% tó wà nísàlẹ̀, ká sọ pé èèyàn 300 ló ṣe é, 81 lókè, 81 nísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tí 70 bá gbà á lókè tí 25 gbà á nísàlẹ̀, ìbéèrè yẹn mọ ẹni tó kàwé yàtọ̀ sí ẹni tí ò kà. Tí 60 bá gbà á lókè tí 57 gbà á nísàlẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó wá burú jù ni kí àwọn ìsàlẹ̀ gbà á ju àwọn òkè lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀, ẹ tètè lọ yẹ ìdáhùn tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà wò, torí ó lè jẹ́ B ni wọ́n fi sí i, kó jẹ́ pé D ló tọ̀nà, á wá jẹ́ pé àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gan-an lẹ fìyà jẹ.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ kíyè sí. Láti 1956 ni Benjamin Bloom àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti to ìmọ̀ sí ìpele mẹ́fà, kéèyàn rántí nǹkan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kó ìbéèrè GST ọdún mẹ́ta jọ, kẹ́ ẹ kọ ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí i pé "nínú àwọn wọ̀nyí èwo ni" ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé CCMAS ní kí ọmọ lè kọ ìjábọ̀ (report) nínú GST 111, kọ́ọ̀sì èdè Gẹ̀ẹ́sì, a wá ń bi í pé kí ni ìtumọ̀ ìjábọ̀. Kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè bá wa tún ìyẹn ṣe.

Àbúrò_Àjárà
Ẹ kú ìkàlẹ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àgbádárìgì ni mo wà, mo ti parí yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú táwa ọmọ fi ń wò ó. Tẹ́ẹ̀sì tá a ń ṣe fún CA, ìyẹn máàkì 30 tí wọ́n ń fún wa ṣáájú ìdánwò, a kì í rí ìwé ẹ̀ gbà padà, lẹ́yìn ìdánwò ni wọ́n máa ń lẹ máàkì ẹ̀ mọ́ ara ògiri, gbogbo wa á rọ́ lọ síbẹ̀ láti wo nọ́ńbà mátíríìkì. O rí 11. Kí lo ṣì? Ta lo fẹ́ bi? Ìdánwò ti lọ nìyẹn.

Lẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo, ti kẹ́mísírì, ló yàtọ̀. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí lẹ́kíṣọ̀ parí, wọ́n á ní kí gbogbo wa ya ìwé péńpé, ká kọ ohun tí ò yé wa níbẹ̀, ká má kọ orúkọ. Wọ́n á fi rọ́bà dè é, wọ́n á jù ú sínú báàgì. Lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n tó kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní "èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé yín ni mole, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀". Mi ò lè ṣàlàyé ohun tíyẹn ṣe fún wa. A mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wádìí ohun tó yé wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dúró dìgbà tá a bá lọ tán, kẹ́ ẹ tó wá mọ̀ ọ́n.

Màmá_Ìta_Ẹlẹ́wà
Ọmọ mi, Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ lẹ́kítọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ sọ.

Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló máa pín ìwé 900 máàkì, kí wọ́n tó pín in, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máàkì ìwé mẹ́wàá kan náà, láìjẹ́ kí ẹnì kan rí ti ẹnì kejì. Ẹ̀rù á bà yín. Ẹnì kan á fún ìdáhùn kan ní 7 nínú 15, ẹlòmíì á fún un ní 12, orí ìwé kan náà o. Ẹ wá jókòó, ẹ jọ sọ ohun tí 12 gbọ́dọ̀ ní tí 7 ò ní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni kí wọ́n fi máàkì ìyókù. Á gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọmọ ò ní féèlì torí pé ọwọ́ ẹni tó le ni ìwé ẹ̀ bọ́ sí.

Èkejì, lọ bá ọ̀gá ẹ kó ṣèlérí pé wọn ò ní fi ohun tó o bá rí kọ kúẹ́rì fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní fi dí ìgbéga lẹ́kítọ̀ kankan lọ́wọ́. Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi mú ẹnì kan báyìí, gbogbo ọmọ ló máa máa pàásì láti ọjọ́ náà lọ, o ò ní rí òótọ́ gbọ́ mọ́.

Ọmọ_Sábó
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Màmá, màá lọ bá ọ̀gá mi lọ́sẹ̀ yìí lórí ìwé yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù: tá a bá ti yẹ ìwé 40 yẹn wò, ta ló máa kọ ohun tá a rí, èmi ni àbí lẹ́kítọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Noforija
Ẹ jọ kọ ọ́, ojú ewé kan péré: ohun tá a fẹ́ kí wọ́n lè ṣe, iye tó ṣe é nínú 40, ibi tí àwọn tó kù ti ń ṣì í, àti ohun kan tí lẹ́kítọ̀ máa yí padà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra ẹ̀ ni kó kọ ọ́. Kó o wá mú un lọ sípàdé tí wọ́n fi ń pín kọ́ọ̀sì fún sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ pé kí tutorial kún STA 111 tàbí kí wọ́n pín kíláàsì yẹn sí méjì. Tó bá ti kọjá ìpàdé yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.