“Ìfilẹ̀ṣẹrú” kẹ̀? Ta lẹrú níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, bí ayé ṣe yí padà ní Jàpáànì láti ìgbà àwọn samurai títí di òní. Iṣẹ́ ńlá ni, mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n “ìfilẹ̀ṣẹrú” tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ètò ayé ìgbà náà, tí àgbẹ̀ ń sin olúwa tó ni ilẹ̀ (“feudalism” lẹ́nu Òyìnbó), ti há mi lọ́fun.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Bí mo bá fi Àdùkẹ́ ṣaya, Àdùkẹ́ laya. Bí wọ́n bá fi Òjó jọba, Òjó lọba. Tí a bá wá fi ilẹ̀ ṣẹrú ńkọ́? Ilẹ̀ lẹrú! Àgbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń káàánú kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. (Ẹni tó ní ká máa lo “ìsinlẹ̀”, pé “sìn” ló wà nínú rẹ̀: sìn a máa di sin bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. Òkú lo rì mọ́lẹ̀ yẹn, àbúrò.)

“Ẹrú” gan-an ló dùn mí jù. Lábẹ́ àwọn Tokugawa, ìdílé tó ń ṣàkóso Jàpáànì láti 1603, àgbẹ̀ ń san ìrẹsì fún daimyo tó ni àgbègbè rẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, nígbà mìíràn ìdajì. Kò lè ṣàdédé fi oko sílẹ̀. Kò lè ní idà, Hideyoshi, tó ṣàkóso kí àwọn Tokugawa tó dé, ti gba tọwọ́ àgbẹ̀ láti 1588. Ìyà ni, ṣùgbọ́n ìyà yẹn lórúkọ nílé wa: ìṣákọ́lẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá bàbá mi dá oko kòkó sí. Bí ọdún bá yí po, á di iṣu, á gbé ẹmu, á forí lé ilé onílẹ̀, á sì ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ẹ pe bàbá yẹn lẹ́rú lójú ara rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. “Ìjọba oníṣákọ́lẹ̀” ni tèmi.

Samurai tí ẹ pè ní “jagunjagun” ńkọ́? Láti ara “saburau” ni wọ́n ti rí i, kéèyàn máa dúró ti olúwa rẹ̀ láti sìn ín. Nígbà tí ogun tán, akọ̀wé ni ọ̀pọ̀ wọn, ìlú ni wọ́n ń gbé, ìrẹsì sì lowó oṣù wọn. Ẹ̀ṣọ́ ni kẹ́ ẹ pè wọ́n, ọmọ Ìkòyí á yé e. Shogun, olórí ogun tó ń ṣàkóso lórúkọ ọba, kì í sì í ṣe “ọba-ogun”. Kyoto lọba wà, Tokugawa tó jẹ́ shogun wà ní Edo (Tokyo òde òní), gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í ṣe é bá Aláàfin gbélùú. Ẹnì kan á ní àwọn Ashikaga, ìdílé tó ń jẹ shogun ṣáájú Tokugawa, jókòó sí Kyoto. Mo gbà, ẹ fi mí sílẹ̀.

“Ìdápadà Méíjì” fún 1868, nígbà tí ìjọba bọ́ lọ́wọ́ shogun lábẹ́ ọba Méíjì? Èdè Òyìnbó lẹ túmọ̀ yẹn. “Ishin” ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ìsọdọ̀tun ni. Kí ni wọ́n dá padà? Ní 1871 wọ́n fagi lé àgbègbè àwọn daimyo. Ní 1873 wọ́n fi dandan kó ọmọ àgbẹ̀ wọṣẹ́ ológun. Ní 1875 gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdílé. Ní 1876 òfin bọ́ idà méjèèjì, gígùn àti kúkúrú, kúrò ní ìbàdí samurai. Ọdún kejì, Saigo Takamori, aṣáájú àwọn samurai kan, dìde ogun, àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ń yìnbọn ló sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ nìyí. “Ẹrú” ẹ̀gbọ́n parí sí 1868. Ìṣákọ́lẹ̀ kò parí o! Láti 1873 owó ni ìjọba ń gbà lórí ilẹ̀, ẹni tí kò rí i san ta ilẹ̀ rẹ̀, ó di aláṣákọ́lẹ̀ fún olówó. Nígbà tó fi máa di Ogun Àgbáyé Kejì, ilẹ̀ tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ilẹ̀ oko wọn. Lẹ́yìn ogun náà ni ìjọba ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí wọ́n tà á fún ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló lè gbé wa dé ibẹ̀, tèmi àbí tiyín?

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n “fi” kò mọ ọjọ́ orí.

Ti “Jàpáànì” àbí “Jàpáànù” tí ẹ tún ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́, n kò bá yín dá sí i.