Ọmọ mi ní òun kò mọ̀wé tó Queen's College

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn: Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo kí yín. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìdánwò Common Entrance tí NECO ń ṣe fún ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀. Láti ìgbà tí a ti bí i ni mo ti fi Queen's College, Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, sọ́kàn fún un. Lánàá, mo ní kí ó kọ orúkọ ilé-ìwé náà sínú bébà kí a tó lọ kún fọ́ọ̀mù. Nígbà tí n ó fi padà wọlé, ó ti fi kílínà pa á rẹ́ títí bébà fi ya. Ó ní ilé-ìwé girama àdúgbò wa ni òun fẹ́, nítorí pé òun kò mọ̀wé tó àwọn tí ń lọ sí Queen's. Ìṣirò nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Ṣé kí n gbà fún un ni?

Olùkọ́ Ìṣirò: Bàbá, ẹ má tíì kún fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ tí ó bá kùnà nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì léra, tí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ sókè lójú ẹgbẹ́, kì í sọ pé òun kò mọ ìṣirò mọ́. Ohun tí yóò máa sọ ni pé òun kò mọ̀wé. Ẹ bi í pé ta ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ tún jẹ́ kí ó mọ̀ pé máàkì tí wọ́n fi ń gbani wọlé yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, nítorí náà, ẹni tí kò bá wọlé kì í ṣe olódo. Bí ẹ bá jókòó tì í, tí ẹ jọ ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá, tí ó rí i pé òun lè ṣe é, tí ó sì tún ní àdúgbò ni òun fẹ́, ìfẹ́ inú rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ ti yan ilé-ìwé kí ọmọ tó lè sọ̀rọ̀. Èmi mú àwọn tèmi lọ wo ilé-ìwé fúnra wọn. Ẹni tí ó ń sunkún nítorí bọ́dìn ni ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí òun yóò máa sá aṣọ sí. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún ilé-ìwé kejì. Federal Government Girls' College wà ní Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí yín.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn: Mo bi í lálẹ́ yìí. Ó ní èmi ni. Ní táàmù tó kọjá, mo wo èsì rẹ̀, mo ní, "Ṣé báyìí ni wàá ṣe dé Queen's?" Mo ti gbàgbé, òun kò gbàgbé. Mo ti tọrọ àforíjì. A ó lọ wo Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà Èkó, òun ni yóò sì mú bírò nígbà tí a bá dé.